Táyà Méjì Tí N Kò Fi Sí Ọkọ̀ Àbúrò Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò kọ èyí kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ da omi inú ìkòkò rẹ̀ nù kò yẹ kó máa wá ẹni tí yóò bá a sunkún òǹgbẹ. Mo ti jẹ́wọ́ fún ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ohun tí ìjẹ́wọ́ ọ̀hún fà ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé sí yín.

Bàtà ni mò ń tún ṣe. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀, tí mo ń rán ẹ̀gbẹ́, tí mo ń kan ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ bí a ṣe ń rìn. Oníbàtà ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Ẹ di ojú mi, ẹ kó rọ́bà àti fóòmù síwájú mi, àtàǹpàkò mi nìkan á sọ fún mi èwo ni èwo.

Ìmọ̀ yìí ló gbé mi dé ẹgbẹ́ eléré ọkọ̀ kékeré.

Bóyá ẹ ò mọ eré náà. Ọkọ̀ tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni wọ́n fi ń sá a, lórí tábìlì gbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ kòtò tín-ín-rín mẹ́rin sí. Ahọ́n kékeré kan wà lábẹ́ imú ọkọ̀, inú kòtò ló ń wọ̀. Iná mànàmáná ń gba ara bàbà tí wọ́n lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kòtò, ẹni tó ń wa ọkọ̀ sì dúró síbì kan pẹ̀lú bọ́tìnnì lọ́wọ́. Tó bá tẹ̀ ẹ́ jù ní kọ́nà, ọkọ̀ á fò bọ́ sílẹ̀. Tí kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, wọ́n á fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló ń di ọkọ̀ mú, kò sí ohun mìíràn.

Bàbá Káfíńtà ló kan tábìlì wa, nínú yàrá òkè tó wà lórí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ó ń fá pákó, ó ń kùn ún lọ́dà, ó ń fi ìka wá ibi tó rí gbágungbàgun, tó bá rí i á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé tí òun bá jẹ́ pákó, òun ì bá ti rí ìfẹ́.

Wọ́n ní kí n bá ẹgbẹ́ yan ohun tí a ó máa fi ṣe táyà. Mo gbìyànjú mẹ́ta. Rọ́bà lágbára, kì í tètè jẹ, ṣùgbọ́n lórí pákó tí wọ́n kùn, ó máa ń pẹ́ kó tó gbóná tó lè di nǹkan mú, eré á sì ti parí. Fóòmù fúyẹ́, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló ń di tábìlì mú. Lóòótọ́ ó máa ń jẹ bí írésà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́, ṣùgbọ́n ti gbogbo ènìyàn ló ń jẹ bákan náà. Sílíkóònù, rọ́bà rírọ̀ tó ń dán yẹn, ló wá ju gbogbo wọn lọ. Kò sí kọ́nà tí í já ọkọ̀ tó wọ̀ ọ́. Àmọ́ ó ní ìwà kan: ó máa ń fi ọ̀rá tí ojú ò rí sílẹ̀ níbi tó bá gbà. Fóòmù tó bá tẹ̀lé e gba ibẹ̀ á yọ̀ bí ẹsẹ̀ tó tẹ ọṣẹ.

Èmi gan-an ni mo dìde nípàdé tí mo ní, "Fóòmù nìkan. Ẹni tó bá gbé sílíkóònù wọ yàrá yìí, kó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sára ògiri. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló wà níbẹ̀ títí di òní.

A ṣètò pé láti ara fóòmù kan náà ni n ó ti máa gé gbogbo táyà. N ó kó wọn sínú àpò aṣọ, méjì-méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, olúkúlùkù á ki ọwọ́ bọ àpò, á mú tirẹ̀, á gbé e fún mi kí n bá a fi sí ọkọ̀. Èmi ni wọ́n fi ọkàn tán, torí èmi kì í sáré.

Àbúrò mi ni í sáré.

Èmi àti òun nìkan la kù nínú ọmọ tí ìyá wa bí. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ó kọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, kò parí ọ̀kan. Ó gbé ìyàwó, ìyàwó lọ. Ọjọ́ tó ń lọ, obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ rẹ kì í parí nǹkan." Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Láti ọjọ́ náà ni àbúrò mi ti ń gbé yàrá kejì nílé mi.

Nínú ẹgbẹ́, Ìgbẹ̀yìn-adùn ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ìgbẹ̀yìn ló máa ń ṣe. Tí wọ́n bá ka èsì dé ìsàlẹ̀ ìwé, ẹnì kan á ní, "Ó ku adùn o." Gbogbo yàrá á rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Tó bá délé, kì í rẹ́rìn-ín.

Ẹgbẹ́ ìlú kejì fẹ́ wá bá wa díje lọ́jọ́ Sátidé kan. Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀, mo wo àbúrò mi níbi tó ti ń gbìyànjú ọkọ̀. Kọ́nà kan wà ní ìparí tábìlì tí wọ́n ń pè ní Kọ́nà Ẹkún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò tètè bẹ̀rẹ̀ gbé ọkọ̀. Ó kàn dúró tó ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí a délé, ó ń fọ abọ́.

"Àǹtí mi."

"Mò ń gbọ́."

"Tí mo bá wọ ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Sátidé, ó tó mi. N ò wá ife. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ yìí lè parí nǹkan kan."

"Tí o ò bá wọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Ó da abọ́ kan dé, ó nù ún, ó tún nù ún.

"Á jẹ́ pé òótọ́ ni ìyàwó mi sọ. N ò ní yọ ara mi lẹ́nu mọ́."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kà. Kò ní kí n bá òun borí. Ó ní òun fẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń pọn ọmọ láti kékeré kì í tètè mọ ìgbà tó yẹ kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo ti ń bá a so okùn bàtà rẹ̀, tí mo ń bá a ṣe iṣẹ́ iléèwé, tí mo ń sọ fún ìyá wa pé òun ló ṣe é. Mo pe gbogbo rẹ̀ ní ìfẹ́. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, mo ti mọ ohun tí n ó ṣe.

Ogún méjì-méjì ni mo gé fún ẹgbẹ́. Mo wá gé méjì sí i.

Gọ́ọ̀mù sílíkóònù dúdú kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tí mo fi ń dí bàtà òjò. Mo tẹ̀ ẹ́ síta díẹ̀, mo fi ìka pa á sára táyà méjì náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tó gbẹ lójú, mo fi yanrìn bébà ha dídán rẹ̀ kúrò, mo fi pàúdà sí i. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà fóòmù. Bí ìbejì ni wọ́n rí.

"Fẹ́lẹ́ báyìí," mo sọ fún ara mi. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rá wo ni èyí fẹ́ fi sílẹ̀?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni gọ́ọ̀mù yẹn fi ń gbẹ dénú. Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó níbi tí mo ti ń sọ ọ́ fún oníbàárà: ẹ má wọ̀ ọ́ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé o. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ènìyàn ní sùúrù, láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀ ni mo fún un.

Ní Sátidé, yàrá òkè kún. Àwọn àlejò gbé ọkọ̀ wọn wá nínú àpótí tí wọ́n tẹ́ ní aṣọ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Wọ́n tò wá sídìí àpò aṣọ mi. Nígbà tó kan àbúrò mi, ó di ojú, ó ki ọwọ́ wọ̀ ọ́, ó wá a títí, ó mú méjì jáde.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi fi sí i dáadáa."

"Ìgbà wo ni n ò fi sí i dáadáa rí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi bí ẹni ń wá ẹ̀mú. Èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ mú, mo sọ ọ́ sínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Èyí tí mo pa ní gọ́ọ̀mù ni mo fi sí ọkọ̀. Kò gbà mí ju mímí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

Ẹni mẹ́rin ló máa ń sáré pọ̀. Àwọ̀ ni a fi ń pe kòtò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Olúkúlùkù á lo ìṣẹ́jú mẹ́ta lójú ọ̀nà kan, lẹ́yìn náà wọ́n á sún: ẹni tó wà ní pupa á bọ́ sí funfun, ti funfun á bọ́ sí búlúù, ti búlúù á bọ́ sí yẹ́lò, ti yẹ́lò á padà sí pupa. Báyìí ni gbogbo wọn á ṣe gba ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ìpele àkọ́kọ́, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ ní pupa. Tíṣà ló wà ní yẹ́lò, ọkùnrin tó ti gba ife lọ́dún mẹ́rin léra wọn tí kò sì jẹ́ kí a gbàgbé. Ibi tí àbúrò mi bá ti kúrò ni Tíṣà ń bọ́ sí.

Ẹ ò bá rí ọkọ̀ àbúrò mi. Ó gba Kọ́nà Ẹkún bí ẹni ń gba ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, obìnrin tó ń bá wa kọ àkókò, gbé ojú sókè lára ìwé rẹ̀ tó wo ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì.

Wọ́n sún. Tíṣà bọ́ sí pupa. Ó ṣubú. Wọ́n gbé e padà, ó tún ṣubú.

"Tíṣà, kí ló dé?" ẹnì kan bi í.

"N ò mọ̀. Ó ń yọ̀ mọ́ mi lábẹ́."

"Àyà rẹ ló ń já," ni wọ́n fi dá a lóhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kì í ṣe àbúrò mi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè ìwé nígbà tí ìpele àkọ́kọ́ parí. Ó sáré wá bá mi.

"Àǹtí mi, ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Mò ń gbọ́ ọ nínú bọ́tìnnì. Kó tó fẹ́ já ni mo ti mọ̀. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe orí mi."

N kò ní parọ́ fún yín. Inú mi dùn. Ojú kò tì mí rárá lákòókò yẹn. Mo wo ojú àbúrò mi, mo rí ọmọ tí mo mọ̀ kí ayé tó gbá a létí, mo sì sọ lọ́kàn pé tí ẹ̀ṣẹ̀ bá lè ṣe èyí, kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ mi lọ́rùn.

A sinmi díẹ̀, àwọn ènìyàn jáde lọ gba afẹ́fẹ́. Nígbà tí àwọn mìíràn wá bọ́ sórí tábìlì, nǹkan bàjẹ́. Ní pupa, wọ́n ń ṣubú. Ní funfun, wọ́n ń ṣubú. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ní, "Ẹ má bínú o, ṣé ẹ fi bọ́tà kun tábìlì yín dè wá ni?" Bàbá Káfíńtà fi aṣọ nù ún. Ó fi ìka pa á. Mo rí i tó gbé ìka náà sí imú.

Ní àṣekágbá, àbúrò mi tún ń lọ bí ẹni tí kò mọ̀ pé ayé ń yọ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù ń já bọ́ bí èso. Ọ̀nà méjì péré ni wọ́n ti gbà nígbà tí Nọ́ọ̀sì gbé pẹ́ńsù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná tábìlì yẹn."

Wọ́n pa á.

"Mo máa ń kọ ibi tí oníkálukú bá ti ṣubú," ó ní. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ohùn tí wọ́n fi ń sọ èsì àyẹ̀wò. "Ní ìpele àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó ṣubú ní pupa, àfi ìgbà tí Ìgbẹ̀yìn kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣubú ní funfun, àfi ìgbà tó kúrò níbẹ̀. Búlúù náà nìyẹn. Yẹ́lò ló gbà kẹ́yìn, ìgbà tí àwọn mìíràn bọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. N ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo kọ ni mò ń kà."

Bàbá Káfíńtà bu omi díẹ̀ sí ìka, ó kán an sórí tábìlì. Lórí ọ̀dà, ó yẹ kí omi náà tẹ́. Kò tẹ́. Ó ṣù jọ róbótó, ó sì yí lọ.

"Sílíkóònù," Bàbá sọ.

Gbogbo wọn yíjú sí ọkọ̀ àbúrò mi. Bàbá gbé e, ó fi abẹ gé táyà kan. Awọ fẹ́lẹ́ kan ṣí kúrò lára fóòmù bí awọ tó máa ń wà lójú mílíìkì gbígbóná.

"N ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, Bàbá," àbúrò mi sọ. "Inú àpò ni mo ti mú un, gbogbo yín lẹ rí mi. Àǹtí mi ló bá mi fi sí i. Ẹ bi wọ́n."

Gbogbo ojú pọ̀ sí mi lára. Lẹ́yìn Bàbá, mò ń rí ọwọ́ ìkọ̀wé ara mi lára ògiri: fóòmù nìkan.

"Oníbàtà," Bàbá ní, "ọwọ́ rẹ ló ti kúrò."

Ìgbà náà ni ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹnu mi là, ohun tó sì jáde nìyí:

"Fóòmù ni mo fi sí i, Bàbá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà, n ò mọ̀."

Ẹ rí i bí mo ṣe tò ó dáadáa. N kò pe àbúrò mi ní olè. Mo kàn fi àyè sílẹ̀ kí àwọn mìíràn pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pè é. Tíṣà ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn àlejò ní àwọn ò ní gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì àwọn láé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ nínú ẹgbẹ́ méjèèjì.

Bí ó bá mọ síbẹ̀, bóyá à bá rí nǹkan tún ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò fẹ́ kí a tún àṣekágbá sá, ojú sì ń ti Bàbá Káfíńtà. Ó gbé gálọ́ọ̀nù tínà, omi tí wọ́n fi ń tú ọ̀dà, jáde.

Mo mọ̀ pé tínà á bó ọ̀dà. Iṣẹ́ mi ni. Mo sì mọ ohun tó ń mú ọ̀rá sílíkóònù kúrò: kẹrosíìnì díẹ̀, aṣọ rírọ̀, àti sùúrù ọjọ́ méjì. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí bí mo ṣe tètè mọ oògùn àrùn tí mo ní n kò mọ̀. Mo di àpò aṣọ iṣẹ́ mi mú, níbi tí táyà méjì náà wà, mo sì dákẹ́.

Ọ̀dà kọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ń bá aṣọ lọ. Bàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ká sókè, ibi kan, ibi mìíràn. Bàbá rí i, ó sì ń nù ún lọ. Ìbínú ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Orí burúkú kì í gbọ́ ọṣẹ," Tíṣà fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Bàbá dáwọ́ dúró, ó jókòó sórí ilẹ̀, aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá," ó ní. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ Bàbá nígbà tí mo gbọ́ ìró ayùn láti yàrá òkè. Ó rẹ́ tábìlì náà sí wẹ́wẹ́, ó fi ṣe pẹpẹ fún ẹni tó ń ta ìwé.

Ẹ ó rò pé àbúrò mi á wó lulẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mò ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Kò wó.

"Ẹnì kan ló ṣe nǹkan sí ọkọ̀ mi ní ìgbà ìsinmi," ó sọ fún mi. "Ẹ̀yin fi fóòmù sí i, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Àǹtí mi, ẹ̀yin nìkan lẹ ò purọ́ mọ́ mi."

"Nọ́ọ̀sì ní láti ìpele àkọ́kọ́ ni," mo rọra sọ.

"Tíṣà nìkan ló ṣubú ní ìpele àkọ́kọ́. Àyà ẹ̀ ló já. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ mi. Ìpele àkọ́kọ́, èmi ni. Mo mọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe."

Ó sì gbà á gbọ́ débi pé ó jáde lọ wáṣẹ́. Ó rí i níbi tí wọ́n ti ń tún fáànù ṣe. Láràárọ̀ á jí, á lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á jáde kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ibẹ̀ sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, pé ohun tó bá tú ló máa ń tò padà. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló ṣe níbẹ̀.

Kí ló wá ń ṣe mí tí n kò fi lè panu mọ́? Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ni n kò lè gbà. Tó bá jẹun tán, "Àǹtí mi, ẹ ṣeun." Tó bá ń jáde, "Àǹtí mi, ẹ ṣeun tí ẹ ò jẹ́ kí n dá wà." Ọpẹ́ yẹn ń jẹ mí lára bí bàtà tó fún. Mo fẹ́ bọ́ ọ kúrò lẹ́sẹ̀ mi. N kò ro ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń lọ̀ ọ́.

"Àbúrò mi, jókòó."

"Ẹ jẹ́ kí n parí ọwọ́ kan yìí."

"Pa áyọ́ọ̀nù yẹn."

Ó pa á. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Gọ́ọ̀mù, yanrìn bébà, pàúdà, abẹ́ tábìlì. Bí mo ṣe dákẹ́ nígbà tí Bàbá ń da tínà. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ohun tó kọ́kọ́ bi mí nìyí.

"Ìpele àkọ́kọ́ ńkọ́?"

Ó ń wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo lè parọ́. Ó jẹ́ irọ́ kan ṣoṣo láyé mi tí ì bá ṣe ẹnì kan lóore, mo sì ti lo irọ́ mi tán síbi tí kò yẹ.

"Láti ìpele àkọ́kọ́ ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ó mi orí.

"Èyí tí mo mú nínú àpò?"

Mo mú wọn jáde nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. N kò yọ wọ́n kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó gbà wọ́n, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n bí mo ṣe kọ́ ọ.

"Fóòmù tó dáa ni," ó ní.

"Ò bá fi wọ́n ṣe é," mo sọ, omi ti gba ojú mi. "Ó dá mi lójú. Ọwọ́ rẹ tó bẹ́ẹ̀."

"Tó bá dá yín lójú ni, Àǹtí mi, ẹ ò bá fi wọ́n sí i."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí ìrànrán. Mo ní ká wá tábìlì mìíràn, ká wá ìlú mìíràn, kó fi táyà yẹn gbìyànjú, ká lè mọ̀.

"Ti Bàbá ti di pẹpẹ. Ti ìlú kejì, wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ débẹ̀." Kò bínú. Ì bá wù mí kó bínú. "N ò ní mọ̀ mọ́, Àǹtí mi. Ẹ ti bá mi ṣe é."

Ó gbé táyà méjì náà lé orí tábìlì, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo lọ bá Bàbá Káfíńtà lọ́jọ́ kejì, mo jẹ́wọ́ fún òun náà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "O ṣeun tó o wá," ó sì padà sídìí pákó tó ń fá. Wọ́n dá orúkọ àbúrò mi padà sínú ìwé ẹgbẹ́ kan tí kò ní tábìlì mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka irú ìwé báyìí máa ń retí ẹ̀kọ́ ní ìparí rẹ̀. Ẹ ó fẹ́ kí n sọ pé òtítọ́ dára. Òtítọ́ dára nígbà tó ṣì lè ṣe nǹkan. Èyí tí mo gbé wá, ara mi ni mo fi tù. Ọmọ ìyá mi béèrè ohun kan ṣoṣo láyé, pé òun fẹ́ mọ̀, èmi ni mo sì ṣe é tí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ̀ láé.

Kò padà síbi iṣẹ́ fáànù. Ọ̀gá ibẹ̀ ránṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Nísinsìnyí ó ń jí lọ́sàn-án, ó ń jẹun tí mo bá gbé e síwájú rẹ̀, ó ń dá mi lóhùn tí mo bá pè é. Kì í dúpẹ́ mọ́.

Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bó ṣe fi í sílẹ̀ náà ló ṣì wà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti lọ̀, ó gún régé. Ọwọ́ ọ̀tún rún. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀melòó kan tí mo ti gbé áyọ́ọ̀nù láti bá a parí rẹ̀, tí mo sì tún gbé e kalẹ̀.